KÍ NI O PỌ̀N SẸ́YÌN?

Kà: Gálátíà 5:13-26

Olùfẹ́, jẹ́ kí a wo kòkòrò méjì ní òwúrọ̀ yìí. Àwọn méjèèjì bá ìdun tan. Ọ̀kan ń gbé orí ilẹ̀, èkejì ń gbé inú omi.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi orúkọ apànìyàn pe ti orí ilẹ̀. Ẹnu rẹ̀ rí ṣóṣóró. Bí ó bá gún kòkòrò mìíràn, yóò tu itọ́ olóró sí i, inú rẹ̀ yóò di omi, yóò sì fà á mu. Èèpo nìkan ni yóò kù. Ní Côte d'Ivoire, irú rẹ̀ kan wà tí ń jẹ èèrà. Nígbà tí ó ṣì kéré, a máa to òkú èèrà tí ó ti mu gbẹ jọ sí ẹ̀yìn, kí aláǹtakùn àti ọmọńlé má baà dá a mọ̀.

Ti inú omi ńkọ́? Atukọ̀ ni wọ́n ń pè é, nítorí ó ń fi ẹsẹ̀ wa omi bí àjẹ̀. Ewéko wẹ́wẹ́ àti ewé jíjẹrà ni ọ̀pọ̀ irú wọn ń jẹ. Kò lè mí bí ẹja, nítorí náà a máa gòkè wá sójú omi, a gba afẹ́fẹ́ mọ́ra, a sì gbé e sọ̀kalẹ̀. Bí ó bá tán, a tún gòkè wá.

A lè jókòó lórí àga kan náà nínú ìjọ, kí ẹnu wa má jọra. Òkú orúkọ ẹlòmíràn ni àwọn kan pọ̀n kiri: "Lágbájá ti ṣubú," "Tàmẹ̀dò jẹ gbèsè." Wọ́n ń fi àbùkù ẹlòmíràn bo tiwọn mọ́lẹ̀. Pọ́ọ̀lù kìlọ̀ fún àwọn ará Gálátíà pé bí ará bá ń jẹ ará, ìparun ni yóò já sí.

Kòkòrò kò dẹ́ṣẹ̀. Bí a ti dá a ni ó rí. Ṣùgbọ́n ìwọ lè yí padà. Òkè ni èémí rẹ ti ń wá, ti àná kò sì tó fún òní. Ìdí nìyí tí a fi kúnlẹ̀ ní òwúrọ̀ yìí.

Ìgbésẹ̀ òní: Orúkọ ta ni o pọ̀n sẹ́yìn? Sọ ọ́ kalẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, bá ẹni náà sọ ọ̀rọ̀ ìtura.

Àdúrà: Baba, wẹ ẹnu mi mọ́. Gba òkú tí mo pọ̀n, kí O sì fi èémí Rẹ kún mi lónìí, ní orúkọ Jésù. Àmín.