Ìyanu àti Ẹ̀tàn Nínú Àtùpà Aláwòrán

Bí ènìyàn bá dé ọ̀kan nínú àwọn àpéjọ tí àwọn ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ń jí ayé àtijọ́ dìde, níbi tí tọkùnrin tobìnrin ti ń wọ aṣọ ìgbà Ọbabìnrin Victoria, tí alágbẹ̀dẹ sì ń rọ irin bí àwọn baba ńlá rẹ̀ ti rọ ọ́, ó ṣeé ṣe kí ó bá yàrá ṣíṣú kan níbi tí apidán ti dúró ti àtùpà aláwòrán, èyí tí ó ti wà tipẹ́tipẹ́ kí sinimá tó dé. Iná ń bẹ nínú àpótí náà, awò ń bẹ ní imú rẹ̀, láàrin méjèèjì ni wọ́n sì ń ki dígí pẹlẹbẹ bọ̀, tí àwòrán orí rẹ̀ dorí kodò, kí ó lè yọ ní ìdúró lójú aṣọ funfun. Bí apidán bá yí ọwọ́ kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ dígí, ọkùnrin tí ó sùn a máa ya ẹnu, eku a sì máa wọ ibẹ̀ lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn ọmọdé a figbe ta.

Ẹni tí ó bá mú kí ohun tí kò sí jọ ohun tí ó wà, ó ha purọ́ bí? Ó ha sì tọ́ kí ajíhìnrere fi irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ pe ènìyàn wá síwájú Ọlọ́run Ẹlẹ́dàá, Arínúróde, Olùmọ̀ràn Ọkàn?

Christiaan Huygens, ọ̀mọ̀ràn ará Họ́láǹdì tí ọ̀pọ̀ gbà pé òun ni ó kọ́kọ́ ṣe àtùpà yìí, tí ó sì ya egungun òkú tí ń ṣí orí ara rẹ̀ kúrò lọ́rùn fún un ní 1659, ni ojú tì tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé, nígbà tí bàbá rẹ̀ fẹ́ fi ọ̀kan han ààfin ọba Faransé ní 1662, ó kọ̀wé sí Lodewijk àbúrò rẹ̀ pé kí ó yọ awò kan kúrò kí ó má baà ṣiṣẹ́. Ojú kò ti Robertson, ẹni tí ó ń fi àtùpà yìí pidán ní Paris láti 1798. Ó fi àtùpà pamọ́ sẹ́yìn aṣọ, ó gbé e lé ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ kí àwòrán òkú lè máa tóbi bí ẹni tí ń bọ̀ wá bá èrò. Òtítọ́ dé ọjà ó kùtà, owó lọ́wọ́ ni a ń ra èké. Lóòótọ́ ni ó máa ń sọ fún wọn pé òun kì í pe òkú, ṣùgbọ́n ohun tí ẹnu rẹ̀ ṣí, ọwọ́ rẹ̀ tún bò ó.

Ọ̀rọ̀ David Livingstone, ajíhìnrere òyìnbó, ni ó tẹ̀ mí lọ́kàn jù lọ. Ọ̀gbẹ́ni Murray, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, fi àtùpà kan ta á lọ́rẹ, ní 1854 sì ni Livingstone gbé e dé ìlú Shinte, ọba kan láàrin àwọn Balonda, ní apá ibi tí a ń pè ní Zambia lónìí. Shinte jókòó láàrin àwọn ìjòyè àti àwọn obìnrin ààfin, àwòrán àkọ́kọ́ sì yọ: Ábúráhámù gbé ọ̀bẹ sókè láti fi Ísáákì ọmọ rẹ̀ rúbọ. Bí Livingstone ti fa dígí náà, ọ̀bẹ rìn wá sọ́dọ̀ àwọn obìnrin. Wọ́n ké pe ìyá wọn, wọ́n sá, wọ́n ń ṣubú lu ara wọn, wọ́n ń kọlu ahéré òrìṣà àti igi tábà, kò sì sí ẹni tí ó lè bẹ̀ wọ́n padà. Shinte kò mira. Ó wò ó dópin, lẹ́yìn náà ni ó yẹ ẹ̀rọ náà wò fínnífínní.

Ìwà ọba yìí ni mo fi ń dá ẹjọ́ náà. Òjìji ojú aṣọ kò purọ́ fún ẹnikẹ́ni tí a bá gbà láyè láti sún mọ́ orísun rẹ̀. Ibi tí a bá ti lé olùwòran sẹ́yìn ni ẹ̀tàn ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan a máa wí pé bí a bá tú àṣírí, adùn a lọ. Livingstone kò rí i bẹ́ẹ̀: gbogbo ìgbà tí ó bá fi àwòrán hàn ni ó ń ṣàlàyé pé kò sí agbára àìrí kankan níbẹ̀, síbẹ̀ ó jẹ́rìí pé ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo tí àwọn ènìyàn rọ òun láti tún ṣe nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ṣé Ọlọ́run Ábúráhámù ni wọ́n ń béèrè, àbí iná? Ohun tí ojú wá ni ojú ń rí. Ajíhìnrere lè fi àwòrán pe èrò láìṣẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí kò bá ka èrò ìran mọ́ ọmọ ìjọ.

Apidán òde òní náà ní gbèsè tirẹ̀. Nítorí ewu iná, ọ̀pọ̀ wọn ti fi gílóòbù mànàmáná rọ́pò epo àti gáàsì nínú àpótí àtijọ́. Èmi kò rí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀, bí ó bá lè ṣí ilẹ̀kùn àpótí fún ọmọ tí ó bá bi í léèrè. Èyí tí ó wúwo ni àwọn dígí tí àwọn ẹgbẹ́ ajíhìnrere fi tọrọ owó nínú àwọn ìjọ Gẹ̀ẹ́sì láyé àtijọ́, tí wọ́n fi àwọn ènìyàn Áfíríkà hàn bí ẹni tí kò mọ ohunkóhun kí òyìnbó tó dé. N kò ní kí a fọ́ wọn, n kò sì ní kí a fi wọ́n pamọ́. Kí a fi wọ́n hàn, ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá kàn wọ́n, kí apidán ṣí fìlà ayé Victoria kúrò lórí, kí ó fi ohùn ara rẹ̀ sọ ẹni tí ó ṣe àwòrán náà, ohun tí ó ń wá lọ́wọ́ àwọn tí ń wò ó, àti ohun tí ó rí ní àwọn ìlú Áfíríkà wọ̀nyẹn tí kò yà.