Kádàrá Kì Í Ṣe Àyẹ̀wò

Ní Tamale, olú-ìlú ẹkùn Àríwá Ghana, Mùsùlùmí ló pọ̀ jù. Gẹ́gẹ́ bó ṣe rí láàárín àwọn Mùsùlùmí Ìlọrin àti Ìwó, ọ̀rọ̀ kádàrá kì í jìnnà sí ẹnu bí nǹkan bá bàjẹ́: Ọlọ́hun ló kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. N kò bá ìgbàgbọ́ yìí jà. Ohun tí mò ń béèrè ni pé, bí gbogbo nǹkan bá ti wà nínú àkọọ́lẹ̀, kí ni à ń wá nígbà tí a bá ń wá ìdí? Ṣé wíwá ìdí kò jọ àìgbọràn sí Ẹni tó kọ ọ́? Èrò mi ni pé kò jọ ọ́ rárá, àti pé iṣẹ́ àwọn tó ń tún mọ́nítọ̀ kọ̀ǹpútà ṣe fi èyí hàn ju ọ̀pọ̀ wáàsí lọ.

Bí ojú mọ́nítọ̀ bá ṣú, ẹni tó mọṣẹ́ kì í sáré pààrọ̀ nǹkan. Yóò kọ́kọ́ tan tọ́ọ̀ṣì sí i láti ẹ̀gbẹ́. Bí àwòrán bá hàn fírífírí, a jẹ́ pé àwòrán ń wá, iná tó yẹ kó tàn lẹ́yìn rẹ̀ ló kú. Bí kò bá sí nǹkan kan, ibòmíràn ló kàn. Bí iná kékeré iwájú rẹ̀ bá ń ṣẹ́jú tó sì ń kú, bọ́ọ̀dù tó ń pín iná ni yóò fura sí. Yóò yọ ọ́ kúrò lára iná, yóò sì tú iná inú kapásítọ̀ ńlá dànù, nítorí ó ṣì lè di iná tó lé ní 300 fólítì mú. Ibẹ̀ ló ti máa ń rí kapásítọ̀ tí orí rẹ̀ ti wú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òmíràn ń bàjẹ́ láìwú. Èyí tó máa fi rọ́pò rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá a mu ní ìwọ̀n, fólítì rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dín sí ti tẹ́lẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kò sì gbọ́dọ̀ ṣi ààyè. Ṣùgbọ́n kí ló wú u? Bí ooru bá fi digírì 10 lé sí i, ẹ̀mí irú kapásítọ̀ bẹ́ẹ̀ á já sí ìdajì. Ní oṣù Kẹta àti Kẹrin, ooru Tamale máa ń sún mọ́ 40, eruku ọyẹ́ sì ti dí ihò tí atẹ́gùn ń gbà. Ẹ̀ṣẹ̀ náà tilẹ̀ lè ti ilé iṣẹ́ wá: ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000, kapásítọ̀ tí omi inú rẹ̀ kò dára ba ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà jẹ́ káàkiri ayé. Ẹni tó bá pààrọ̀ èyí tó wú láì gbọn eruku kúrò, iṣẹ́ kan náà ló ń dúró dè é.

Ẹnìkan lè fi al-Ghazali, onímọ̀ ẹ̀sìn Ìsìláàmù, dá mi lóhùn. Ní ìparí ọ̀rúndún kọkànlá, ó jiyàn pé iná kọ́ ló ń jó òwú. Ọlọ́hun ló ń dá jíjó síbẹ̀ nígbà tí méjèèjì bá fara kanra, àwa kàn ń rí i pé ọ̀kan ń tẹ̀lé èkejì ni. Ibn Rushd, onímọ̀ ọgbọ́n orí, fèsì láti Andalus pé ẹni tó bá mú ìdí kúrò ti mú làákàyè kúrò. Lójú tèmi, kò di dandan ká gbè sẹ́yìn Ibn Rushd kí iṣẹ́ tó lọ. Al-Ghazali fúnra rẹ̀ gbà pé ìṣe Ọlọ́hun nínú ayé ní ètò tí a lè gbọ́kàn lé. Ó sì ka ìmọ̀ ìṣègùn àti ìṣirò mọ́ ọ̀ranyàn tí àwọn kan gbọ́dọ̀ bá ìlú gbé. Mítà tí wọ́n fi ń yẹ fíúsì wò kò béèrè ju ètò yẹn lọ.

Àtakò tó le jù ni ti ẹni tó máa sọ pé nígbà mìíràn wọ́n á pààrọ̀ gbogbo rẹ̀, ojú mọ́nítọ̀ á sì ṣú síbẹ̀. Kí ni ká wá pe ìyẹn? Mo gbà pé ó ń ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n kádàrá bá fíúsì tó já mu, ó bá iná ẹ̀yìn tó kú mu, ó sì bá wáyà tí ọmọdé fà yọ mu. Ìdáhùn tó bá gbogbo àrùn mu kò lè tọ́ka sí èyí tí a máa wò. Ó lè jẹ́ òtítọ́ nípa Ọlọ́hun kó má sọ ohunkóhun nípa mọ́nítọ̀. Ẹ̀yìn iṣẹ́ ni àyè rẹ̀ wà, fún ìtùnú ẹni tó pàdánù.

Ewu fífi kádàrá rọ́pò àyẹ̀wò ń pọ̀ sí i bí ohun tó bàjẹ́ bá jẹ́ ìlú. Àwọn Yorùbá láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ṣakí àti Ìgbòho ti ń tajà ní àríwá Ghana fún ọ̀pọ̀ ọdún, ní Tamale pàápàá, kí ìjọba Busia ní Ghana tó pàṣẹ ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969 pé kí àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Bí a bá pe ìyẹn ní kádàrá, tí a sì dákẹ́, a ti bo ọwọ́ tó fọwọ́ sí i mọ́lẹ̀. Àyẹ̀wò ọmọ ènìyàn ni: gbèsè wà lọ́rùn ìlú, iṣẹ́ ṣọ̀wọ́n, wọ́n ní àjèjì ló fà á, wọ́n sì yọ wọ́n dànù. Àrùn náà kò sàn: ní oṣù Kejìlá ọdún 1971, ìjọba náà já iye owó sídì wálẹ̀ gan-an. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kìíní ọdún 1972, àwọn ológun gba ìjọba lọ́wọ́ wọn. Bí ẹnìkan bá ní ènìyàn kì í ṣe kapásítọ̀, èmi náà mọ̀; àwọn tó pàṣẹ ni kò mọ̀. Nígbà tó sì di oṣù Kìíní ọdún 1983, tí owó epo rọ̀bì ti já wálẹ̀, ìjọba Shagari náà yẹ inú Nàìjíríà wò, ó rí àwọn ará Ghana, ó sì ní kí wọ́n di ẹrù wọn.