Ọ̀bẹ Kékeré àti Dòjé

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, èwo ló sàn: kí oúnjẹ kéré kó sì kárí, àbí kó pọ̀ kí ẹlòmíì máa wò ó?

Ní abúlé olóko ìrẹsì ní erékùṣù Java, ní Indonéṣíà, ọ̀bẹ kékeré kan wà tó ń jẹ́ ani-ani. Inú àtẹ́lẹwọ́ làwọn obìnrin máa ń fi í sí, wọ́n á máa gé ìrẹsì ní ṣírí kọ̀ọ̀kan, kí ẹ̀rù má baà ba Dewi Sri, òrìṣà ìrẹsì. Iṣẹ́ náà ò yá, ìdí nìyẹn tó fi gba ọ̀pọ̀ èèyàn. Ẹni tí ò nílẹ̀ á bá wọn kórè, á sì gbé ìpín tirẹ̀, bawon, lọ sílé.

Láàárín ọdún 1970 sí 1980, irúgbìn tuntun ti dé, ìkórè ń pọ̀ sí i. Àwọn olóko kan bẹ̀rẹ̀ sí í ta ìrẹsì tó ṣì wà lóko fún alágbàtà; tebasan nìyẹn. Alágbàtà kó òṣìṣẹ́ tirẹ̀ wá pẹ̀lú dòjé. Ìwọ̀nba èèyàn ló ṣe é tán. Àwọn tó kù wà létí oko, wọ́n ń wòran.

Lọ́dún 1984, ìrẹsì Indonéṣíà tó o jẹ. Ta ló máa bú ìyẹn? Ebi ò ṣeé fi ṣeré. Mi ò ní ká sọ dòjé nù. Ṣùgbọ́n àdéhùn wà nínú ọ̀bẹ kékeré yẹn: ẹni tó bá ṣiṣẹ́ á jẹ. Ẹni tó bá pààrọ̀ ọ̀bẹ, ó yẹ kó kọ́kọ́ wá ibòmíì tí àdéhùn náà máa wà. Àjọjẹ ò dùn bí ẹnìkan ò ní.