Ọwọ́ Ẹni àti Ọwọ́ Ẹ̀rọ: Ọ̀rọ̀ Lórí Jíà Ọkọ̀

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn ọlọ́kọ̀ máa ń jiyàn lé lórí, tí ẹni tí kò ní ọkọ̀ lè fi ṣe ẹ̀rín pé ọ̀rọ̀ àwọn tí ó yó ni. Bí ènìyàn bá fẹ́ ra ọkọ̀ asáré, ìyẹn ọkọ̀ kúkúrú tí ó súnmọ́ ilẹ̀, tí wọ́n ṣe fún eré sísá àti fún ìgbádùn ẹni tí ó ń wà á, èwo ni kí ó mú: èyí tí a ń fi ọwọ́ yí jíà rẹ̀ ni, tàbí èyí tí ẹ̀rọ ń bá ènìyàn yí i? Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kò pọ̀ ní ìgboro Ìjẹ̀bú-Òde. Síbẹ̀, ìbéèrè tí ó wà nínú rẹ̀ kò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀: bí ẹ̀rọ bá mọ iṣẹ́ kan ṣe ju ọwọ́ wa lọ, ǹjẹ́ ìdí kan tún kù tí a ó fi máa fi ọwọ́ wa ṣe é?

Kí a tó dá ẹjọ́, ó yẹ kí a mọ bí ọ̀rọ̀ ti rí. Jíà ni alárinà tí ó ń pín agbára ẹ́ńjìnnì fún ẹsẹ̀ ọkọ̀: agbára púpọ̀ pẹ̀lú eré díẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ bá ń gun òkè, eré púpọ̀ pẹ̀lú agbára díẹ̀ nígbà tí ọ̀nà bá tẹ́jú. Nínú ọkọ̀ oníjíà àfọwọ́yí, awakọ̀ ni yóò fi ẹsẹ̀ òsì tẹ kílọ́ọ̀ṣì, tí yóò fi ọwọ́ yan jíà tí ó fẹ́, tí yóò sì rọra gbé ẹsẹ̀ padà. Bí ó bá kánjú gbé e, ọkọ̀ yóò fò, ẹ́ńjìnnì sì lè kú. Etí ni ó fi ń mọ ìgbà tí ó tó yí. Àwọn tí ó kọ́ ọkọ̀ wíwà pẹ̀lú Peugeot 504 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná ní 1975, tàbí pẹ̀lú Volkswagen tí a ń pè ní Ìjàpá, kò nílò àlàyé yìí. Ó ti wọ̀ wọ́n lára. Àwọn ọmọ wọn, tí ó jẹ́ pé tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà ni wọ́n fi kọ́ ọkọ̀, ni ó lè ṣe àjèjì sí.

Jíà aládàáṣiṣẹ́ kì í ṣe ohun àná. Ilé-iṣẹ́ General Motors ti fi í sínú ọkọ̀ Oldsmobile ti ọdún 1940. Ṣùgbọ́n fún ìgbà pípẹ́, àwọn tí ó fẹ́ràn eré kò kà á sí, nítorí pé ó lọ́ra, ó sì ń jẹ epo. Ohun tí ó yí ọ̀rọ̀ padà ni ahọ́n kékeré méjì tí wọ́n fi sí ẹ̀yìn ìtọ́kọ̀: ti ọwọ́ ọ̀tún ń gbé jíà sókè, ti ọwọ́ òsì ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ọwọ́ awakọ̀ kò sì kúrò níbi tí ó dì mú. Ferrari gbé e wá sí ìdíje Formula 1 ní 1989, Nigel Mansell sì fi gba ipò kìíní ní Brazil ní ìgbà àkọ́kọ́ tí ọkọ̀ náà jáde sí ìdíje. Ní 1997, ilé-iṣẹ́ kan náà fi irú rẹ̀ sínú F355, ọkọ̀ tí ènìyàn lè rà wá sí títì. Lẹ́yìn èyí ni jíà oníkílọ́ọ̀ṣì méjì gbilẹ̀. Kílọ́ọ̀ṣì kan ni ó ń bójú tó jíà kìíní, ẹ̀kẹta àti ẹ̀karùn-ún. Ìkejì ń bójú tó èkejì, ẹ̀kẹrin àti ẹ̀kẹfà. Bí ọ̀kan ti ń ṣiṣẹ́ ni ìkejì ti ń múra sílẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé kí ènìyàn tó ṣẹ́jú, jíà ti yí. Kò sí ọwọ́ ọmọ ènìyàn tí ó lè bá a dù ú.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá sọ lónìí pé òun yan jíà àfọwọ́yí nítorí pé ó yá jù, ara rẹ̀ ni ó ń tàn. Nígbà tí Porsche gbé 911 GT3 tuntun jáde ní 2013, wọ́n yọ jíà àfọwọ́yí kúrò nínú rẹ̀ pátápátá. Ṣùgbọ́n ní 2017, wọ́n dá a padà fún ẹni tí ó bá fẹ́ ẹ. Ó yẹ kí èyí yà wá lẹ́nu. Kí ni ó lè mú kí ẹni tí ó fi owó gọbọi ra eré tún máa bèèrè ohun tí yóò dín eré náà kù?

A kò ní láti lọ sí Jámánì kí a tó rí ìdáhùn. Ní ọjọ́ kẹta Iléyá, níbi àjọ̀dún Ojúde Ọba, àwọn ìdílé Balógun a máa gun ẹṣin wá bọ̀wọ̀ fún Awùjalẹ̀. Kò sí ẹni tí ó gun ẹṣin ní ọjọ́ náà nítorí pé yóò tètè dé ju ọkọ̀ lọ. Ẹṣin ti pàdánù ọ̀nà fún mọ́tò láti ìgbà pípẹ́. Kò pàdánù iyì. Ohun tí àwọn èrò ń wò ni ọwọ́ àti ìjánu: kí ẹṣin gbọ́ ìlù, kí ó gbọ́ ìró ìbọn, kí ó fẹ́ ta, kí ẹni tí ó gùn ún sì kó o níjàánu. Bí a bá so ẹ̀rọ kan mọ́ ọrùn ẹṣin tí yóò máa ṣe èyí, ẹṣin yóò dúró jẹ́ẹ́. Ṣùgbọ́n kí ni a ó máa tìtorí rẹ̀ yin ẹni tí ó gùn ún?

Ìyàtọ̀ wà láàárín kí iṣẹ́ di ṣíṣe àti kí a ṣe iṣẹ́. Ẹni tí ó gbẹ́ ère ni agbẹ́gilére. Ẹni tí ó bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́ lè mọ ohun tí ó dára, ó lè san owó tí ó pọ̀, orúkọ náà kò kàn án. Ahọ́n ẹ̀yìn ìtọ́kọ̀ sọ awakọ̀ di ẹni tí ń bẹ ni níṣẹ́. Ó pàṣẹ, kọ̀ǹpútà sì ṣe é. Bí àṣẹ náà yóò bá sì ba ẹ́ńjìnnì jẹ́, kọ̀ǹpútà yóò kọ̀ ọ́. Bí a kò bá lè ṣi iṣẹ́ ṣe, ìyìn wo ni ó tọ́ sí wa nígbà tí ó bá dára? Ohun tí ẹni tí ó yan jíà àfọwọ́yí ń rà nìyí: ààyè láti ṣì í ṣe, kí ó lè jẹ́ pé òun gan-an ni ó mọ̀ ọ́n ṣe.

Ṣùgbọ́n apá kejì ọ̀rọ̀ náà wúwo. Bí àṣìṣe bá ṣẹlẹ̀, orí ta ni yóò bọ́ lé? Ti ẹni tí ó ń dá wa ọkọ̀ asáré nínú pápá ìdíje, orí ara rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n awakọ̀ tí ó kó èrò ní Ìjẹ̀bú-Òde, tí ó bọ́ sí ọ̀nà márosẹ̀ Ṣàgámù sí Benin láàárín àwọn ọkọ̀ akẹ́rù, kò ní ẹ̀tọ́ láti fi ẹ̀mí wọn dánra wò. Ohun tí ó jẹ wọ́n ni pé kí wọ́n dé ilé. Bí jíà aládàáṣiṣẹ́ yóò bá dín àárẹ̀ rẹ̀ kù nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, tí yóò jẹ́ kí ọkàn rẹ̀ wà lójú ọ̀nà, òun ni kí ó wà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ kò lè tẹ kílọ́ọ̀ṣì. Ohun tí ẹlòmíràn ń pè ní jíà ọ̀lẹ ni ó sọ ọ́ di ẹni tí ń gbé ara rẹ̀ lọ sí ọjà láìbẹ ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ó bá ń tìtorí jíà gan irú ẹni bẹ́ẹ̀, ìgbéraga ni ó ń wà, kì í ṣe ọkọ̀.

Ṣé kí a wá jẹ́ kí ìmọ̀ jíà àfọwọ́yí kú ni? Rárá. Ìmọ̀ ọwọ́ kò ṣeé kó sínú àpótí de ọjọ́ tí a ó nílò rẹ̀. Ara ẹni tí ó ń lò ó ni ó ń gbé. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí ó fi ọkọ̀ oníjíà aládàáṣiṣẹ́ ṣe ìdánwò awakọ̀, irú ọkọ̀ náà nìkan ni òfin gbà á láyè láti wà. Ẹni tí ó fi àfọwọ́yí ṣe é lè wa méjèèjì. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, bí bátìrì bá kú lẹ́bàá ọ̀nà, ènìyàn mẹ́ta lè ti ọkọ̀ àfọwọ́yí kí ó jí. Ti aládàáṣiṣẹ́ òde òní, bí a tì í títí ilẹ̀ fi ṣú, kò ní jí.

Ní tèmi, ìbéèrè méjì ni ó yẹ kí ènìyàn bi ara rẹ̀ kí ó tó sanwó ọkọ̀, àti kí ó tó gbé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ yòówù fún ẹ̀rọ. Èkíní, bí mo bá ṣì í ṣe, ta ni yóò jìyà rẹ̀? Bí ó bá jẹ́ ẹlòmíràn, kí a yan ohun tí yóò dáàbò bò ó, ìbáà tilẹ̀ jẹ́ pé yóò dín ìgbádùn wa kù. Èkejì, ṣé òpin iṣẹ́ yìí ni mo ń fẹ́, àbí ṣíṣe rẹ̀? Ẹni tí ó ń fẹ́ òpin, kí ó gba ẹ̀rọ láìtijú. Ẹni tí ó ń fẹ́ ṣíṣe, tí ewu rẹ̀ kò sì kọjá orí ara rẹ̀, kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ yí jíà, kí ó sì gbà pé ẹni tí ó lo ẹ̀rọ yóò ṣáájú òun dé.