Kí Lo Fẹ́ Dá Ọba Lóhùn?

BÍBÉLÌ KÍKÀ: Nehemáyà 2:1-8
ÀKỌ́SÓRÍ: Lúùkù 14:28

Arákùnrin kan tó ń tún ẹ̀rọ inverter ṣe ní ọjà Alaba, níbí ní Ọ̀jọ́, dìde ní ìpàdé àdúrà òwúrọ̀ kan. Ó fẹ́ kàwé gba oyè Master's nínú iṣẹ́ ẹ̀rọ iná mànàmáná. Ó ní kí a bá òun gbé e lọ síwájú Ọlọ́run. Gbogbo wa pariwo “Àmín!” Ohùn tèmi ló lọ sókè jù, bẹ́ẹ̀ ni n kò tíì bi í ní ìbéèrè kan.

Nígbà tí a túká, mo ní, “Arákùnrin, ọdún mélòó ni?”

“Pásítọ̀, mi ò tíì wádìí.”

HND ló ní, yunifásítì wa sì sábà máa ń ní kí irú wọn kọ́kọ́ ṣe PGD kí wọ́n tó bọ́ sí Master's. Òótọ́ ni pé LASU ti wà ní Ọ̀jọ́ láti ọdún 1983, kò sì jìnnà sí ilé rẹ̀ ní Ìbà. Ṣùgbọ́n Ẹ̀pẹ́ ni ẹ̀ka iṣẹ́ ẹ̀rọ rẹ̀ wà, ní ìlà oòrùn Èkó lọ́hùn-ún. Bó bá jẹ́ UNILAG ní Akoka, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ ń dúró dè é ní Mile 2. Ta ni yóò máa ṣí ṣọ́ọ̀bù? Kí ni ìyàwó wí? Ó wolẹ̀. Kò tíì sọ fún un, owó ilé ìwé àwọn ọmọ ló sì fẹ́ fi ra fọ́ọ̀mù.

Nehemáyà gbààwẹ̀, ó sì gbàdúrà fún bí oṣù mẹ́rin. Nígbà tí ọba bi í bí ìrìn àjò náà yóò ti pẹ́ tó, ó dá ìgbà fún un lójú ẹsẹ̀. Ó béèrè lẹ́tà tí yóò fi la ilẹ̀ àwọn gómìnà kọjá. Ó mọ orúkọ olùtọ́jú igbó ọba, ó sì mọ ohun tí òun fẹ́ fi igi náà ṣe, títí kan ilé tí òun fúnra rẹ̀ yóò gbé. Orí eékún ló ti ro gbogbo rẹ̀. Bíbélì tilẹ̀ sọ pé ayaba jókòó ti ọba nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́ (ẹ̀yin ọkọ, ẹ kíyè sí i).

Arákùnrin wa sọ fún ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó bínú fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Lẹ́yìn náà, òun gan-an ló mú bírò àti ìwé, tó ní kí àkọ́bí wọn kọ́kọ́ ṣe WAEC tán ná. Ọkọ gbà. Ó ti kọ̀wé béèrè transcript rẹ̀.

ÀDÚRÀ: Baba, ohun tí mo ti ń bẹ̀bẹ̀ fún láìtíì ṣírò rẹ̀, fún mi ní ìgboyà láti jókòó ṣírò rẹ̀ lónìí. Fún mi ní ojú rere lọ́dọ̀ àwọn tí yóò kọ lẹ́tà fún mi, àti nínú ilé mi. Ní orúkọ Jésù. Àmín.