Ǹjẹ́ Ó Tọ́ Kí A Fi Ewu Oògùn Pamọ́ Fún Aláìsàn?



Nígbà tí a bá gbé aláìsàn láti Ìdó-Ọ̀ṣun yìí lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Òṣogbo tàbí Ilé-Ifẹ̀, àwọn ẹbí a máa fa dókítà sẹ́yìn, wọn a ní: “Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí ó gbọ́.” Ìfẹ́ ni wọ́n pe èyí. Ṣé ìfẹ́ ni lóòótọ́?

Jẹjẹrẹ awọ ara kan wà tí à ń pè ní Kaposi, nítorí Moritz Kaposi, oníṣègùn ìlú Vienna, tí ó ṣàpèjúwe rẹ̀ ní ọdún 1872. Ó ṣọ̀wọ́n ní Yúróòpù, ṣùgbọ́n Áfíríkà mọ̀ ọ́n, pàápàá lára àwọn tí wọ́n ní kòkòrò HIV. Ní ọdún 1994 ni a rí kòkòrò tí ó ń fà á. Kòkòrò kan náà a sì máa fa oríṣi jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ kan. Oògùn pàápàá ní ewu tirẹ̀. Etoposide, ọ̀kan nínú àwọn tí a fi ń wo Kaposi, lè ṣe mùdùnmúdùn egungun ní jàǹbá, níbi tí ara ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀. Nínú àwọn díẹ̀, jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ a yọjú lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 1 sí 3.

Ta ni yóò ru ewu yìí? Kì í ṣe dókítà, kì í ṣe ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe àbúrò. Ẹni tí ó ni ara ni. Ǹjẹ́ ó tọ́ kí a gbé ẹrù lé ènìyàn lórí, kí a má sọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀ fún un?

Ẹ ó wí pé: “Bí ó bá gbọ́, ẹ̀rù yóò bà á, yóò sì sá fún ìtọ́jú.” Bẹ́ẹ̀ ni, bí a bá sọ ìdajì òtítọ́. Ẹ sọ fún un pẹ̀lú pé àwọn tí èyí ń ṣẹlẹ̀ sí kò pọ̀, àti pé Kaposi tí a kò tọ́jú lè wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, kí ó sì pani. A kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá.

Ẹni tí ó mọ̀ ni ó lè ṣọ́ra. Bí àárẹ̀ bá mú un lẹ́yìn ọdún méjì, tí ẹ̀jẹ̀ ń jáde ní èrìgì rẹ̀, yóò tètè lọ fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Ẹni tí a fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún yóò pè é ní ibà, yóò sì máa ra oògùn ibà kiri títí ọjọ́ yóò fi lọ.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará, ẹ má ṣe fa dókítà sẹ́yìn mọ́. Ẹ bá aláìsàn yín wọlé, ẹ di ọwọ́ rẹ̀ mú, kí ẹ sì jọ gbọ́ ọ.