Láàárín Yàrá àti Títì: Ọ̀rọ̀ Àlejò àti Ajá Rẹ̀

Àwọn baba wa kò fi ìtọ́jú àlejò ṣeré. Ẹni tí ó bá kan ilẹ̀kùn lálẹ́, omi ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbé fún un, kí wọ́n tó bi í léèrè ibi tí ó ti ń bọ̀. Wọ́n sì ní àlejò bí òkété ni à ń fi ẹ̀kùrọ́ lọ̀: ohun tí ó bá àlejò mu ni kí a fi ṣe é lálejò. Ṣùgbọ́n bí àlejò náà bá mú ajá dání ńkọ́? Ṣé ẹnì kan ni a gbà sílé ni, tàbí méjì? Onílé tí ó gba ènìyàn, tí ó sì lé ajá rẹ̀ síta, ṣé ó ti ṣe é lálejò tán, tàbí ó dá iṣẹ́ náà dúró ní ìdajì?

Ìbéèrè yìí lè pa ènìyàn lẹ́rìn-ín ní ilẹ̀ wa, níbi tí ó jẹ́ pé ẹ̀yìnkùlé ni ajá ń sùn. Àwa náà ti fi í rẹ́rìn-ín rí, títí di ọjọ́ tí ó dé bá wa lójú pópó.

Láti Akpakpa níhìn-ín ni a ti gbéra lọ sí Lomé fún ìgbéyàwó ọmọ ẹ̀gbọ́n wa. Ọ̀sẹ̀ méjì ni a fẹ́ lò níbẹ̀, ilé ẹbí sì ti kún fún èrò, nítorí náà òtẹ́ẹ̀lì ni a ó wọ̀ sí. Ajá arúgbó kan wà nílé wa tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Tanímọ̀la. Baba wa ni ó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí pé Yorùbá a máa fi orúkọ ajá pa òwe fún aládùúgbò tí wọn kò fẹ́ bá jà ní gbangba. Baba ti lọ, aládùúgbò náà ti kó kúrò, ajá ni ó kù. Láti ìgbà tí baba ti kú ni kò ti jẹun lọ́wọ́ àjèjì mọ́. Bí a bá fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, a mọ ohun tí a ó bà nílé nígbà tí a bá dé. A gbé e sínú ọkọ̀.

A gba orí afárá sọdá ọ̀sà, a la ìgboro Kútọnu já, a kọjá Ouidah àti Grand-Popo, a dé ibodè ní Hillacondji, a sì wọ ilẹ̀ Tógò. Gbogbo ọ̀nà náà jẹ́ nǹkan bí kìlómítà 150. Àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè CEDEAO fọwọ́ sí ní ọdún 1979 fún àwa ọmọ ènìyàn ní ẹ̀tọ́ láti ti ilẹ̀ kan wọ èkejì láìgba físà. Àdéhùn náà kò dárúkọ ajá. Ìwé ti ajá yàtọ̀: ìwé ẹ̀rí dókítà ẹranko pé ara rẹ̀ dá, àti ìwé abẹ́rẹ́ àjẹsára tí ó ń dènà àrùn dìgbòlugi. Méjèèjì wà nínú àpò wa.

Ẹ̀rín pa wá lọ́nà. Ògún ni ó ni irin, òun náà ni ó ni ọ̀nà, ajá sì ni oúnjẹ rẹ̀. Àwọn àgbà ní ajá tí ó bá rí ọkọ̀ tí kò yà, ara rẹ̀ ni ó fi bọ Ògún. Tanímọ̀la sì jókòó lẹ́yìn ọkọ̀, ó ń wo òde, bí ẹni tí Ògún fúnra rẹ̀ san owó ọkọ̀ fún.

Ilẹ̀ ti ṣú kí a tó dé Lomé. Òtẹ́ẹ̀lì àkọ́kọ́ kọ ọ́ sí ẹnu ọ̀nà pé «Animaux non admis». A kò bá wọn jiyàn. Ní èkejì, wọ́n gbà wá tọwọ́tẹsẹ̀, wọ́n sì gba owó wa, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n rí ajá, wọ́n ní kí a so ó mọ́ igi kan létí títì títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. A kọ̀, wọ́n dá owó padà. Ilé ẹ̀kẹta jẹ́ ilé àlejò kékeré. Bàbá àgbàlagbà kan ni ó ni ín, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Lomé. Ó tan tọ́ọ̀ṣì sí ajá, ó wò ó pẹ́, ó sì béèrè pé, «Ẹ jọ̀ọ́, ajá yín yìí, ṣé ó ti gba abẹ́rẹ́?»

Ó ti rẹ̀ wá, inú sì ń bí wa. A dáhùn pé, «Bàbá, ṣé ajá dìgbòlugi ni ẹ rí ni?» Bàbá pa tọ́ọ̀ṣì. Ó ní, «Ẹ má bínú, kò sí àyè», ó sì rọra ti ilẹ̀kùn ọgbà. Ìwé tí ó béèrè wà nínú àpò wa. Ìgbéraga ni kò jẹ́ kí a mú un jáde.

Inú ọkọ̀ ni a sùn ní iwájú ọgbà náà. Ní òru, ọ̀kan nínú wa dá a lábàá pé kí a fi aṣọ bo ajá, kí a gbé e wọ òtẹ́ẹ̀lì mìíràn bí ẹrù. Ajá arúgbó ni, kì í gbó mọ́. Ta ni yóò mọ̀? Ó kù díẹ̀ kí a gbà, nígbà tí olùṣọ́ ilé náà gbé omi jáde wá fún wa, tí ó sì bu díẹ̀ fún ajá. Òun ni ó sọ fún wa pé ajá kan tí ẹnikẹ́ni kò mọ olówó rẹ̀ ti bu ọmọ-ọmọ bàbá jẹ rí. Ọmọ náà kò sọ fún ẹnì kankan, ọgbẹ́ jinná, gbogbo ilé sì gbàgbé. Lẹ́yìn oṣù bíi mélòó kan, ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù omi. Láti ìgbà náà, ajá kankan kò wọ ọgbà yẹn mọ́.

A kò rí oorun sùn mọ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a wọlé lọ kí bàbá, ọkùnrin dọ̀bálẹ̀, obìnrin kúnlẹ̀, a sì fi ìwé náà lé e lọ́wọ́. Ó wọ awò ojú rẹ̀, ó ka ọjọ́ tí dókítà kọ síbẹ̀, ó tún un kà. Ó ní, «Bí ẹ bá ti mú èyí wá lánàá, ẹ kì bá ti sun inú ọkọ̀.» Ó sí ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé, ó fi abẹ́ ìbòòji kan hàn wá tí ó ní ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjì. Ibẹ̀ ni Tanímọ̀la sùn fún ọ̀sẹ̀ méjì, láì wọ yàrá, láì sun títì.

Nígbà tí a padà dé Akpakpa, a ro ọ̀rọ̀ náà síwá sẹ́yìn, nítorí ó ṣe kedere sí wa pé àwa ni a jẹ̀bi ní òru ọjọ́ yẹn, bẹ́ẹ̀ ìfẹ́ tí a ní sí ajá kì í ṣe ẹ̀bi. Níbo ni ìfẹ́ ti di àṣìṣe?

Kò sí ẹni tí ó lè sọ fún Yorùbá pé ajá kò tó ohun tí à ń bọlá fún. Nínú àlọ́ wa, nígbà tí ìyàn mú, tí gbogbo ẹranko pinnu láti pa ìyá wọn jẹ, ajá nìkan ni ó gbé ìyá tirẹ̀ pamọ́ sí ọ̀run. Àwọn ará Íńdíà ní ìtàn tí ó sún mọ́ ọ̀rọ̀ wa jù bẹ́ẹ̀ lọ, nínú ìwé Mahabharata. Ọba Yudhishthira ń rìn lọ sí orí òkè pẹ̀lú àwọn arákùnrin rẹ̀ àti ìyàwó wọn. Wọ́n ṣubú kú lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ó fi ku ọba àti ajá kan tí ó ń tẹ̀ lé e. Indra dé pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ ògo láti gbé e wọ ọ̀run, ṣùgbọ́n ó ní kò sí àyè fún ajá níbẹ̀. Ọba ní òun kò lè kọ ẹni tí ó gbẹ́kẹ̀ lé òun sílẹ̀ nítorí ìgbádùn ara òun. Ìgbà náà ni ó tó hàn pé òrìṣà òdodo fúnra rẹ̀ ni ajá náà.

Ohun kan wà nínú ìtàn yìí tí a kò kọ́kọ́ kíyè sí. Yudhishthira kò fi aṣọ bo ajá kí ó tó wọlé. Ó dúró ní ẹnu ọ̀nà, ó sọ ohun tí ó mú dání, ó sì múra tán láti dúró síta. Ìṣòótọ́ rẹ̀ sí ajá kò sọ ọ́ di èké sí onílé. Ohun tí àwa fẹ́ ṣe ní òru ọjọ́ yẹn, òdì-kejì rẹ̀ gan-an ni: a fẹ́ fi irọ́ san gbèsè ìfẹ́, kí owó rẹ̀ sì jáde láti àpò ẹlòmíràn.

Nítorí pé onílé náà ní ohun tí ó ń ṣọ́. Àjọ ìlera àgbáyé fojú bù ú pé nǹkan bí ènìyàn 59,000 ni àrùn dìgbòlugi ń pa lọ́dọọdún, àwọn tí ó pọ̀ jù nínú wọn ní Áfíríkà àti Éṣíà. Ajá ni ó ń fa nǹkan bí ìdá 99 nínú 100 àwọn tí ó ń ran ènìyàn, nǹkan bí ìdá 40 nínú 100 àwọn tí ó ń kú ni kò sì tí ì pé ọdún 15. Láti ìgbà tí Pasteur ti fún ọmọ kékeré kan ní abẹ́rẹ́ ní Paris ní ọdún 1885 ni ọmọ aráyé ti mọ ọ̀nà àbáyọ. Bí a bá fi omi àti ọṣẹ fọ ojú ọgbẹ́ fún ìṣẹ́jú 15, tí a sì sáré lọ gba abẹ́rẹ́, ẹni náà yóò yè. Ṣùgbọ́n nígbà tí àmì àrùn bá ti hàn, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ dókítà. Àwọn mìíràn tún wà tí ẹ̀sìn ni ó jẹ́ kí wọ́n ṣọ́ra: ìlànà Málíkì, tí ó gbilẹ̀ jù láàárín àwọn Mùsùlùmí agbègbè wa, kò ka ara ajá sí ẹ̀gbin, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ kò fẹ́ kí ajá sún mọ́ ibi tí wọ́n ti ń kírun. Òwe wa ní ohun tí ajá rí tí ó fi ń gbó kò tó èyí tí àgùntàn fi ń ṣèran wò. Ẹni tí ó ti ilẹ̀kùn láì sọ̀rọ̀ púpọ̀ lè ti rí ohun tí ó pọ̀.

Kí ni òfin wí? Ní ilẹ̀ Faransé, òfin ọjọ́ 9 oṣù Keje ọdún 1970 kò jẹ́ kí onílé lè ka ẹran ọ̀sìn léèwọ̀ fún ayálégbé, bí ẹran náà kò bá ti ba nǹkan jẹ́, tí kò sì yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ṣùgbọ́n òtẹ́ẹ̀lì lè gba ajá, ó lè kọ̀ ọ́, ó sì lè béèrè owó lé e. Ajá tí ó ń fọ̀nà han afọ́jú ni wọn kò gbọdọ̀ lé. Ní Amẹ́ríkà, òfin ọdún 1990 lórí ẹ̀tọ́ àwọn aláàbọ̀ ara dáàbò bo irú ajá bẹ́ẹ̀ náà. A rí ọgbọ́n nínú èyí. Ẹni tí ajá jẹ́ ojú fún, a kò lè ní kí ó fi ojú rẹ̀ sílẹ̀ níta. Ẹni tí ajá jẹ́ ọ̀rẹ́ fún, òfin fi òun àti onílé sílẹ̀ kí wọ́n jọ sọ ọ́. Ibi tí òfin dákẹ́ sí ni ìwà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ní ti ìwà, èrò wa ni pé ẹni tí ó bá mú ajá rìnrìn àjò ti di onígbọ̀wọ́ rẹ̀. Ajá kò lè tọrọ àyè, kò lè ṣèlérí, kò lè sọ bóyá ara rẹ̀ dá. Ìwé tí à ń gbà lọ́wọ́ dókítà kì í ṣe ìyọnu àwọn aṣọ́bodè lásán. Ọ̀rọ̀ ẹnu tí ajá kò ní ni. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbé ajá láti Kútọnu lọ sí Paris yóò fi ẹ̀rọ ìdánimọ̀ kékeré sábẹ́ awọ rẹ̀, yóò fún un ní abẹ́rẹ́, yóò dúró fún ọjọ́ 30 ó kéré tán kí wọ́n tó gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fún àyẹ̀wò, yóò sì tún dúró fún oṣù 3 kí ajá tó lè wọ ilẹ̀ Yúróòpù. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, títí di ọdún 2000, oṣù 6 ni wọ́n fi ń ti ajá àjèjì mọ́lé. Ó gùn, ṣùgbọ́n bí a bá rántí ọmọ-ọmọ bàbá yẹn, a kò ní pè é ní ìyà. Onígbọ̀wọ́ tí inú rẹ̀ ń ru nígbà tí wọ́n bi í léèrè, kò yẹ ní onígbọ̀wọ́.

Gbèsè wà lọ́rùn onílé náà. Kò jẹ wá ní yàrá, ṣùgbọ́n ó jẹ wá ní ọ̀rọ̀ tí ó ṣe kedere kí ilẹ̀ tó ṣú. Òtẹ́ẹ̀lì àkọ́kọ́ tí ó kọ ọ́ sí ara ògiri ṣe wá dáadáa ju èkejì tí ó rẹ́rìn-ín sí wa lọ, tí ó sì fẹ́ kí a so ẹni tí ó ń tẹ̀ lé wa mọ́ igi létí títì, níbi tí kò sí ẹni tí yóò ṣọ́ ọ.

Ìtàn mìíràn wà tí àwọn Mùsùlùmí ń kà nínú Súrà Al-Kahf, ti àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n sá pamọ́ sínú ihò àpáta nítorí ìgbàgbọ́ wọn, tí Ọlọ́run sì mú kí wọ́n sùn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ajá wọn na ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sí ẹnu ọ̀nà ihò náà. Kò wọ àárín wọn, wọn kò sì lé e. Nígbà tí àwọn ènìyàn ń jiyàn lórí iye tí wọ́n jẹ́, wọ́n ń ka ajá mọ́ wọn.

Ẹnu ọ̀nà yẹn ni ìdáhùn tí a rí. Láàárín yàrá àti títì, ìloro wà. Ilé àwọn baba wa kò ṣàìní in: ibẹ̀ ni ajá ọdẹ ń sùn, tí a mọ̀ ọ́n, tí a ń ṣọ́ ọ, tí kò sì dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Bàbá Lomé ní ìloro lẹ́yìn ilé rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ohun tí ó jẹ́ kí a pàdánù rẹ̀ ní òru ọjọ́ kan ni pé ó bi wá ní ìbéèrè, a sì fi èébú dáhùn.

Bí ẹ bá ń lọ sí Lomé, Accra tàbí Èkó pẹ̀lú ajá yín, ẹ pe òtẹ́ẹ̀lì lórí fóònù kí ẹ tó gbéra, ẹ sọ bí ajá ti tóbi tó, ẹ fi ìwé rẹ̀ sí òkè àpò. Ẹ̀yin tí ẹ ní ilé àlejò, ẹ kọ ọ̀rọ̀ yín sí ibi tí ojú yóò ti rí i, ẹ sì wò ó bóyá ìloro kan wà lẹ́yìn ilé yín. Tanímọ̀la ti padà sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ní Akpakpa. Bàbá Lomé ti pè lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́yìn tí ó sì ti kí wa tán, ó béèrè àlàáfíà ajá.